Iṣẹ́ Ìsinmi Ń Kúrò Lọ́wọ́ Ọ̀dọ́ Pobẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́

Láti ìgbà tí ìdánwò BEPC àti BAC bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ títí di àárín oṣù kẹsàn-án tí ilé-ìwé máa ń wọlé padà, ọmọ ilé-ìwé ní Pobẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́ ní oṣù méjì ó lé tí agogo kì í lù fún un. Àsìkò náà gan-an ni iṣẹ́ ń wá ọwọ́ lórí ilẹ̀ pupa ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àgbàdo òjò àkọ́kọ́ ti gbẹ lórí ìdúró, ó ń retí ẹni tí yóò ya á, tí yóò bó o, tí yóò yín in. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbìn lẹ́ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ ti ṣán oko rẹ̀ kí òjò kejì tó dé. Ní ayé àwọn òbí àwọn ọmọ yìí, ìgbà yẹn ni ọmọ ọdún 15 tàbí 16 máa ń wá owó ìwé àti owó kákí ara rẹ̀. Á bá ẹni ẹlẹ́ni kórè gba owó ọjọ́, á bó ẹ̀gẹ́ fún àwọn obìnrin tó ń yan gàrí, á po sìmẹ́ńtì fún bíríkìlà, tàbí kó jókòó ti aránṣọ títí ìsinmi yóò fi parí.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dínkù, àwọn ọmọ tó ń ṣe é sì ń dínkù. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń sọ pé ọ̀lẹ ló wọ àwọn ọmọ òde òní lára, pé fóònù ló gba ọwọ́ wọn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kò tán ní Pobẹ̀, kò sì tán ní Ṣakẹ́tẹ́. Irú iṣẹ́ kan ló ń tán: èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ wá, nítòsí ilé, lójú ẹni tó mọ bàbá àti ìyá rẹ̀, tí wọ́n kó owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́, tó sì parí kí ilé-ìwé tó wọlé. Ohun tó ṣẹ́ kù ni iṣẹ́ ilé tí kò lówó nínú, àti iṣẹ́ ẹnubodè tó lówó ṣùgbọ́n tó lè gba ẹ̀mí. Bí a bá ń di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ, a ó gbàgbé ẹni tó kó àárín náà lọ.

Ọ̀pẹ ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ fún ọmọdé ibí yìí ní iṣẹ́. Ṣáájú ogun àgbáyé kìíní ni àwọn Faransé ti la ojú irin láti Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, gba Ṣakẹ́tẹ́ lọ dé Pobẹ̀, kí epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ lè rí ọ̀nà dé etí òkun. Ní 1922 wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀. Ibùdó náà wà níbẹ̀ títí di òní lábẹ́ àjọ ìwádìí ọ̀gbìn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, INRAB. Nínú iṣẹ́ epo, olúkúlùkù mọ ipò tirẹ̀. Ọkùnrin tó lágbára ń gun ọ̀pẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin ń ru ìdì ẹyìn wálé, àwọn obìnrin àtàwọn ọmọbìnrin ń ṣa á, wọ́n ń sè é, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù títí epo yóò fi jáde lára háhá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó ti òkúta, wọ́n á máa pa ẹ̀kùrọ́. Owó ẹ̀kùrọ́ sábà máa ń jẹ́ ti obìnrin, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti kọ́kọ́ ní owó tó jẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: nídìí ẹkù, bí iṣẹ́ ṣe rí gan-an nìyẹn.

Kí a má sì fi ìfẹ́ àtijọ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà àtijọ́ yìí kan náà ni ọmọ ń di ìwọ̀fà nítorí gbèsè tí kò mọ bí bàbá rẹ̀ ṣe jẹ ẹ́. Ìgbà náà ni ìjọba àmúnisìn ń fi ipá kó àwọn ènìyàn lọ síbi ọ̀nà àti ojú irin láìsan owó gidi, títí di oṣù kẹrin 1946 tí òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ní Paris fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní nǹkan kan ń sọnù, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ọmọdé ayé ọjọ́un ni mo ń sunkún fún.

Ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ mú nǹkan kúrò. Ibi tí ọmọbìnrin mẹ́wàá ti ń rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù tí a fi ìṣó lu, ẹ̀rọ kan tó ń lo epo bẹntiróòlù ń rin ín kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ̀rọ ìfúnpo ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ nínú ẹkù, ẹ̀rọ ìpẹ̀kùrọ́ ti gba iṣẹ́ òkúta, ẹ̀rọ ìyíngbàdo náà ti dé. Èyí dára fún ọwọ́ àti ẹ̀yìn àwọn ìyá wa, n kò ní sọ pé kí wọ́n padà sídìí òkúta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹ̀rọ kì í fẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé sún mọ́ ọn, ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí bẹ́líìtì ẹ̀rọ lè já ìka. Bí iṣẹ́ tí ọmọ mẹ́wàá ń ṣe ṣe di ti ọkùnrin kan tó mọ ẹ̀rọ nìyẹn. Bíbó ẹ̀gẹ́ nìkan ló ṣì kù fún ọwọ́ lásán. Owó rẹ̀ kéré, àwọn obìnrin àgbà tí kò ní oko sì ń dù ú.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ ni ilé-ìwé. Ní ọdún 2006 ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kéde pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ owó ilé-ìwé kúrò lórí àwọn ọmọbìnrin ní kíláàsì ìsàlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Abúlé tí ọmọ rẹ̀ ń rin ìrìn wákàtí kan kó tó rí CEG, ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba, ti ní tirẹ̀ báyìí. Oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba ń sè ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti 2017 wá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ oúnjẹ àgbáyé PAM, tún di ọmọ mú sí kíláàsì. Gbogbo èyí ń mú ọmọ kúrò lóko, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn. Àwọn ará wa ní Ìwọ̀-oòrùn Naijíríà rí irú rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́: àwọn àgbẹ̀ kan ráhùn pé ta ni yóò bá àwọn ro oko. Ọmọ wọn lọ sílé-ìwé, oko kò sì parẹ́.

Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ilé-ìwé kò dúró ní oṣù kẹfà mọ́. Kíláàsì ìsinmi ti gba oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe BEPC ní ọdún tó ń bọ̀ yóò wá owó kíláàsì yẹn, yóò sì wá olùkọ́ tí yóò máa wá kọ́ ọmọ nílé ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi; ìdánwò le, àyè iṣẹ́ ìjọba kò pọ̀, ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí kò rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: ọmọ tó máa ń mú owó wálé nínú ìsinmi ti di ọmọ tí à ń náwó lé lórí nínú ìsinmi kan náà. Òbí tí kò rí owó kíláàsì ìsinmi kò sì rí iṣẹ́ gidi fún ọmọ náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń dààmú lé lórí jù lọ, torí kò sí ní kíláàsì, kò sì sí níbi iṣẹ́.

Ọ̀nà jíjìn ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, ní ìparí àwọn ọdún 1970, ju ìdajì àwọn ọ̀dọ́ ọdún 16 sí 19 lọ ni ó máa ń ní iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó fi máa di 2010, wọn kò tó ìdá mẹ́ta. Ní Bìrìtìkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń dàgbà, àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17 tó ń pa iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ju 40 nínú 100 lọ ní àárín àwọn ọdún 1990. Ní 2014 wọn kò pé 20. Ìdí tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ń sọ ni pé kíláàsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pọ̀ sí i, òbí ń fẹ́ kí ọmọ múra sílẹ̀ fún yunifásítì, àgbàlagbà tó pàdánù iṣẹ́ ńlá sì wá ń du ìdí káńtà pẹ̀lú ọmọdé. Mẹ́ta yìí náà la rí ní Pobẹ̀. Ìyàtọ̀ wà ṣá: ọmọ London tí kò rí iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé kò ní ẹnubodè lẹ́yìn ilé tó ń pè é.

Ẹnubodè yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ṣakẹ́tẹ́ kò jìnnà sí Naijíríà, Pobẹ̀ náà kò jìnnà. Ìdílé kan náà ló wà lápá ìhín àti lápá ọ̀hún, ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà kò yà wọ́n. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ́ ibí máa ń kọjá lọ ṣe iṣẹ́ ìsinmi ní Ọ̀tà, ní Abẹ́òkúta, ní Èkó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ará ìyá rẹ̀, á sì kó náírà bọ̀ wálé. Ní nǹkan bí 2014, ẹni tó bá kó 1,000 náírà bọ̀ yóò gba ju 2,500 sẹ́fà lọ ní ìdí páṣípààrọ̀. Ní 2024, 1,000 náírà kan náà kò mú 500 sẹ́fà wá. Kí ọmọ lo oṣù méjì nídìí iṣẹ́ ní Èkó, kó san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, kó tún fún ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ní tiwọn: kò sí èrè níbẹ̀ mọ́. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni Naijíríà ti ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Ìsinmi tó wà láàárín, ọ̀nà ìlà-oòrùn dí.

Èyí tó ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo ni ti kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láti Naijíríà. Kò sí ẹni tó ń gbé ní ẹkùn yìí tí kò mọ ọ̀dọ́ kan tó ń ta á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí tó ń fi alùpùpù gbé e nínú kẹ́ẹ̀gì tí a so mọ́ra títí ẹni tó gùn ún kò fi hàn mọ́. Ìyá ń ta, ọmọ ń jókòó tì í lẹ́yìn ilé-ìwé. Iṣẹ́ tó bá ìsinmi mu tó sì ń mówó wọlé lójoojúmọ́ ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti parí ní Naijíríà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ iye kpayo gun òkè ní Bẹ̀nẹ̀, èrè rẹ̀ sì fọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ilé ìkó-epo kan gbiná ní Sèmè-Kraké, ó pa ènìyàn tó lé ní 30, ọmọdé wà nínú wọn. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣe nínú ìsinmi nìyẹn, nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ àti ti epo pupa kò pè wọ́n mọ́. Èyí tó tún mú kí iṣẹ́ ọ̀dọ́ dínkù ni pé àwọn ọkùnrin àgbà tí kpayo fọ́ mọ́ lọ́wọ́ padà wá sídìí iṣẹ́ tí ọmọdé ń ṣe: wọ́n ń ru yanrìn, wọ́n ń po sìmẹ́ńtì, wọ́n ń ṣán oko olóko, wọ́n ń gun zémidjan, alùpùpù akérò. Bíríkìlà tó bá rí ọkùnrin ọdún 30 tó fẹ́ gba owó ọjọ́ kan náà kò ní mú ọmọ ọdún 16.

Èmi a máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé òfin ló pa iṣẹ́ ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí a wo òfin náà. Ìwé òfin iṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ ti oṣù kìíní 1998 sọ pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 sí iṣẹ́. Ìlànà kan ti 1987 fàyè gba ọmọ ọdún 12 sí 14 fún iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ àsìkò tí kò wúwo, bí kò bá ti dí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 2001 orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé méjèèjì lórí iṣẹ́ ọmọdé, ó sì to irú iṣẹ́ eléwu tí ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ lẹ́sẹẹsẹ ní oṣù kìíní 2011. Ẹ ò wá rí i pé òfin kò sọ pé kí ọmọ ọdún 15 má kórè àgbàdo ní oṣù kẹjọ? Ó tún fún un ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀.

Ohun tó ba àwọn ènìyàn lẹ́rù ni ohun tí ojú wọn rí. Ní 2001 ni ìròyìn ọkọ̀ ojú omi Etireno, tó gbé ọmọ kúrò ní Kùtọnù lọ sí Gabon, tàn ká gbogbo ayé. Ní 2003 wọ́n kó ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó lé ní 100 jáde kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta, wọ́n dá wọn padà sílé. Òfin oṣù kẹrin 2006 lórí gbígbé ọmọdé kiri ló tẹ̀lé e: ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ ọlọ́mọ kúrò ní ibi tó ń gbé gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Mo fara mọ́ òfin yẹn pátápátá. Àbájáde rẹ̀ tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni rere tó fẹ́ gba ọmọ aládùúgbò fún oṣù méjì ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè é ní olówò ọmọ, nígbà tí ẹni burúkú tó mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú kò bẹ̀rù ohunkóhun. Kò sì sí ẹni tó jókòó ní gbọ̀ngán ìlú tó ń ṣàlàyé fún oníṣòwò pé ohun báyìí tọ́, ohun báyìí kò tọ́.

Bí wọ́n bá ka iṣẹ́ ọmọdé, èyí tó burú ni wọ́n sábà ń kà, ó sì yẹ kí wọ́n kà á. Ìwádìí MICS ti 2014 fi hàn pé ju ìdajì àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 ní Bẹ̀nẹ̀ lọ ló wà nínú iṣẹ́ tí kò yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Ní gbogbo àgbáyé, àjọ iṣẹ́ ILO àti UNICEF kà á sí mílíọ̀nù 160 ní 2020 àti mílíọ̀nù 138 ní 2024. Nígbà tí iye yìí bá ń sọ̀kalẹ̀, inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Kùtọnù, tó ń jí ní agogo márùn-ún ìdájí, tó ń fọ aṣọ, tó ń gbé ọmọ pọ̀n, tó ń kiri omi tútù, tí wọ́n fún ní ìró aṣọ kan nígbà tó ń padà bọ̀: wọ́n á ní ó lọ kí àǹtí rẹ̀ ni. Fún ọmọbìnrin, iṣẹ́ ìsinmi kò dínkù rárá. Owó rẹ̀ ló ti kúrò níbẹ̀. Ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nílé láìríṣẹ́ ń gbá bọ́ọ̀lù ìdíje ìsinmi ní ìrọ̀lẹ́. Òun ń fọ abọ́. Nígbà tí àwọn àgbà bá ń ráhùn nípa ọ̀lẹ, ọmọkùnrin yìí ni wọ́n ń rò, wọn kì í rántí ọmọbìnrin náà.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo tún fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìjọba ti fún ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní ìwé ẹ̀rí: láti 2005 ni CQP ti wà, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó sì ń lọ sí kíláàsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, CQM wà fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá nìkan. Ètò dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ó pín àwọn ọmọ sí méjì: ẹni tó bá wọ iṣẹ́ ọwọ́ ti fi CEG sílẹ̀, ẹni tó wà ní CEG kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọ̀gá aránṣọ. Tẹ́lẹ̀, ìsinmi ni ó máa ń so méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó jókòó ti kápẹ́ńtà fún ìsinmi mẹ́ta ti mọ bí a ṣe ń wọn pákó kó tó ṣe BEPC. Bí ó bá kùnà, ó mọ ibi tí yóò lọ, bí ó bá yege, ìmọ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí ọ̀gá ń béèrè owó ìwọlé àti àdéhùn ọdún mẹ́ta, kò fẹ́ ọmọ oṣù méjì tí yóò ba pákó rẹ̀ jẹ́ tí yóò sì lọ.

Àwọn ibi tó lè gba ọ̀dọ́ sì wà, kì í ṣe pé ilẹ̀ ṣófo. Ibùdó ọ̀pẹ Pobẹ̀ ní pápá tó nílò ọwọ́ fún títọ́jú irúgbìn. Yunifásítì Ètò Ọ̀gbìn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ṣakẹ́tẹ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń sọ irè oko di ọjà, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ àti epo tí àwọn ìyá àwọn ọmọ yìí ń ṣe nílé. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onígbólò, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Naijíríà jọ dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Pobẹ̀; mi ò ní kí ọmọ ọdún 16 sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì wà níbẹ̀, ọgbà wà níbẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Bẹ̀nẹ̀ di 52,000 sẹ́fà láti oṣù kìíní 2023. Kódà ìdajì iye yẹn lóṣù kan yóò ra ìwé, báágì àti kákí ọmọ kan, owó yóò tún ṣẹ́ kù.

Gbọ̀ngán ìlú méjèèjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kò gba òfin tuntun. Kí wọ́n ṣí ìwé kan ní oṣù karùn-ún, kí olóko, aránṣọ, kápẹ́ńtà, oníṣègùn òyìnbó àti oníṣòwò sọ iye ọmọ tí wọ́n lè gbà àti ohun tí wọn yóò san. Kí òbí àti ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé pélébé kan níwájú òṣìṣẹ́ ìlú, kí ẹ̀rù olówò ọmọ lè kúrò. Kí wọ́n má gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 14, kí ọmọbìnrin gba iye kan náà bíi ti ọmọkùnrin, kí owó máa wọ ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí epo àti òkúta má sí nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ máa mọ́ bá wọn nídìí iṣẹ́, kí ilẹ̀ má ṣú bá wọn níbẹ̀. Kí ìgò kpayo tó pe ọmọ ní oṣù keje, kí ẹlòmíràn ti pè é. Kí iṣẹ́ náà sì parí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣáájú ìwọlé, kí ọmọ lè ráyè lọ sọ́jà Pobẹ̀ lọ ra ìwé rẹ̀.